Yíyọ olórí ìjọba láìdúró de ìdìbò: kí ló dé tó fi yá níbòmíràn, tí tiwa gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀?

ỌmọSápọ́n

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Iyàn kan ń lọ nídìí àwọn oníwèé ìròyìn ní Sápọ́n, kò sì tíì tán. Ẹnì kan ní bákan náà ni ìjọba tiwantiwa rí níbi gbogbo, àfi kí èèyàn dìbò kó máa lọ sílé. Ẹnì kejì ní irọ́ ni. Ó ní ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé olórí ìjọba lọ ní Ìlú Ọba ní 1979, àmọ́ níbí, ẹ óò kọ ìwé ẹ̀sùn, ẹ óò yan ìgbìmọ̀ ẹni méje, oṣù á máa gorí oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni ìyàtọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá? Mi ò bá ti ẹgbẹ́ òṣèlú wá o. Iye, ọdún, àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mò ń wá.

Akọ̀wéÌtòkò

Ẹni kejì yẹn ló mọ̀nà. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta 1979, aṣòfin 311 ní àwọn ò fọkàn tán ìjọba Callaghan mọ́, 310 dúró tì í. Ó parí nìyẹn. Ìdìbò gbogbogbòò wáyé lọ́jọ́ 3 oṣù Karùn-ún, Thatcher sì wọlé.

Ohun tó yẹ ká fi ojú sí ni pé wọn ò fẹ̀sùn kankan kan Callaghan. Kò jí owó ìlú, kò sì lu òfin. Ilé aṣòfin ló gbé e gun ẹṣin, ilé náà ló ní kó sọ̀. Ààrẹ tàbí gómìnà tiwa kọ́ nìyẹn. Aráàlú ló dìbò fún un ní tààràtà, nítorí náà aṣòfin ò lè sọ pé ó ti sú àwọn. Wọ́n ní láti bá a wá ẹ̀ṣẹ̀. Níbi tí ilé bá ti ń yan olórí, ìgbẹ́kẹ̀lé là ń wò. Níbi tí aráàlú bá ti ń yàn án, ẹ̀sùn là ń wò. Ohun tó ń jẹ́ kí tiwa gùn nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó ń fi ìṣẹ́jú kan dá ẹjọ́ ẹ̀sùn.

Àwa náà ti lo ti ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn rí o, láti 1960 títí tí àwọn ológun fi dé ní 1966. 1979 la wá gba ti Amẹ́ríkà.

Lọ́yà Òkè-Ìléwó

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tú abala 188 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 palẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ. Ẹ jẹ́ ká fi Ilé Aṣòfin Ògùn ṣe é, ọmọ ilé 26.

Ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, èèyàn 9 nìyẹn. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn ní kúlẹ̀kúlẹ̀. Kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé gómìnà ń ṣe màgòmágó kò tó. Abẹnugan ní ọjọ́ 7 láti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí gómìnà àti gbogbo ọmọ ilé. Kí ọjọ́ 14 tó pé lẹ́yìn tí ìwé dé ọwọ́ abẹnugan, ilé á dìbò bóyá kí wọ́n ṣèwádìí, láìsí àríyànjiyàn rárá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n nílò, èèyàn 18. “Gbogbo ọmọ ilé” lòfin wí, kì í ṣe àwọn tó wá síjòókòó lọ́jọ́ náà. Tí 20 bá wá, tí 14 sì nawọ́, òfo ni.

Lẹ́yìn náà, abẹnugan á ní kí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yan ẹni 7 láàárín ọjọ́ 7. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, aṣòfin, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Oṣù 3 ni wọ́n ní láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Gómìnà lè wá fúnra rẹ̀, ó sì lè mú lọ́yà dání. Bí ẹni méje yìí bá ní ẹ̀sùn ò fìdí múlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti tán, ilé ò lè tún un gbé. Bí wọ́n bá ní ó fìdí múlẹ̀, ilé ní ọjọ́ 14 láti dìbò lẹ́ẹ̀kan sí i, 18 náà ni. Ẹ ro ó pọ̀: 14, 7, bí 90, 14. Ọjọ́ bí 125 ni, bí wọ́n bá fa gbogbo rẹ̀ gùn dópin.

Àwọn ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ṣòro rí. Ní Ìbàdàn ní oṣù Kìn-ín-ní 2006, ilé 32 ni wọ́n ní, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ 22, àmọ́ 18 péré ló yọ Gómìnà Ladoja. Ilé ìtura ni wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó lé e. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn da ìyọnípò náà nù ní oṣù Kọkànlá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá, ó padà sórí àga. Bẹ́ẹ̀ 188(10) sọ pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ ìyọnípò wò! Àwọn adájọ́ ní ìyọnípò tó bá gba ojú ọ̀nà òfin kọjá nìkan ni gbólóhùn yẹn ń dáàbò bò.

Ihò ńlá tó kù wà ní 188(11). Ó ní ìwà àìtọ́ tó burú jáì ni rírú òfin ìpìlẹ̀, tàbí ìwàkíwà tó bá burú jáì “ní èrò ilé”. Èrò ilé! Tí ilé bá rò pé bó ṣe ń wẹ gèlè ìyàwó rẹ̀ burú jáì ńkọ́?

Oníṣirò_Adátán

Gómìnà wo ló ń wẹ gèlè ìyàwó ẹ̀, Lọ́yà? 😂

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 26 jẹ́ 17 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ta ló fún yín láṣẹ láti sọ ọ́ di 18? Ṣé ẹ ti gbàgbé méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni?

Lọ́yà Òkè-Ìléwó

“Kò gbọdọ̀ dín ní ìdá méjì nínú mẹ́ta” ni wọ́n kọ. 17 dín, 18 kò dín. A kì í gé aṣòfin ní wẹ́wẹ́ bí ẹran sùyà. Ẹ tiẹ̀ bá wa ṣàlàyé ti 1979 yẹn, torí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán ni.

Oníṣirò_Adátán

Ó yá. Ìlànà 1979 ni pé ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní. 19 kò pín sí mẹ́ta, ó di 12⅔.

Shagari ní ìbò 5,688,857, Awólọ́wọ̀ 4,916,651. Shagari rí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 12. Ìpínlẹ̀ kẹtàlá tó sún mọ́ ọn jù ni Kánò: 243,423 nínú ìbò 1,220,763. Ìyẹn jẹ́ 19.94 nínú ọgọ́rùn-ún, kò pé 25.

FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà yẹn, wá ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò làwọn nílò, kì í ṣe Kánò odindi. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 1,220,763 jẹ́ 813,842. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn jẹ́ 203,460. Shagari ní 243,423, wọ́n ní ó ti kọjá.

Ẹ wo ibi tí ọ̀bẹ ti gé apá kan tó fi apá kejì sílẹ̀. Wọ́n gé ìbò Kánò kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, wọn ò gé ìbò Shagari tó wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá gé e pẹ̀lú, 162,282 ló máa kù sí i lọ́wọ́, ìyẹn ò tó 203,460. 19.94 ni yóò ṣì jẹ́ bó ti wù kí ẹ gé e. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1979, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gbè sẹ́yìn Shagari, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣọ́ nìkan ló yapa.

Lónìí ìpínlẹ̀ 36 la ní, 24 ni ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jà lórí èérún.

ÌyáÌbejì_Kéńta

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Àmọ́ ẹ ń sáré fo 1962 kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa gan-an. Akọ̀wé, ṣé ẹ máa ń bá wa sọ ọ́ ni àbí kí n sọ ọ́?

Akọ̀wéÌtòkò

Màmá, ẹ máa jẹ́ kí n gbìyànjú, kí ẹ tún un ṣe níbi tó bá ti wọ́.

Ní oṣù Karùn-ún 1962, aṣòfin 66 nínú 124 ní Ìwọ̀-Oòrùn fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò tẹ̀lé Akíntọ́lá, olórí ìjọba wọn, mọ́. Ọọ̀ni Adérẹ̀mí ni gómìnà nígbà náà. Òfin ìpìlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní gómìnà kò gbọdọ̀ yọ olórí ìjọba àfi tó bá “hàn sí i” pé kò ní ọ̀pọ̀ ọmọ ilé lẹ́yìn mọ́. Ó hàn sí Adérẹ̀mí nínú lẹ́tà, ó yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Dauda Adégbẹ́nró, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní kò sí nínú ilé tí wọ́n ti dìbò, lẹ́tà kì í ṣe ìbò. Ó gba kóòtù lọ.

Lọ́jọ́ 25 ilé jókòó, àga fò, ọlọ́pàá fi tajútajú tú wọn ká. Ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì lọ́jọ́ 29, wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí, ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn, ṣe alábòójútó fún oṣù mẹ́fà. Kóòtù àpapọ̀ ní Akíntọ́lá jàre, inú ilé nìkan ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti lè hàn. Adégbẹ́nró gbé e dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ àṣekágbá wa nígbà náà. Ní oṣù Karùn-ún 1963 àwọn yẹn ní Adégbẹ́nró ló jàre: bí ó bá ti hàn sí gómìnà, ó ti hàn, lẹ́tà náà tó. Àmọ́ Akíntọ́lá ti padà sórí àga láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963. Ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tún òfin náà kọ kíá, ó ní àfi ìbò nínú ilé, ó sì fa ọwọ́ òfin tuntun náà padà sẹ́yìn dé 1960. Ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù di ìwé lásán.

ÌyáÌbejì_Kéńta

O sọ ọ́ dáadáa, kò wọ́. Ẹ ò rí i pé “ó hàn sí i” ti 1962 àti “ní èrò ilé” tí Lọ́yà kà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà? Ojú ẹni tó ń wò ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Nígbà àkọ́kọ́ ojú ẹnì kan, nígbà kejì ojú ẹni 18.

Arákùnrin_Ọbántókò

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, Màmá, mi ò gbà pé bákan náà ni wọ́n. Ti 1962, wọ́n ń wá iye orí: 66 ju ìdajì 124 lọ, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ti 188, wọ́n ń wọn ìwà, ìyẹn ò ní òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá dìbò nínú ilé ní 1962, bóyá ìjà náà ò bá má le tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà, ètò ìgbẹ́kẹ̀lé ní àrùn tirẹ̀. Ẹ wo Jámánì ṣáájú Hitler. Ìbò 60,000 ni wọ́n fi ń gba àga kan nílé aṣòfin, nítorí náà ẹgbẹ́ kéékèèké kún ibẹ̀ bí eèrà. Ìdìbò oṣù Keje 1932, Nazi ní àga 230, Kọ́múnísìtì 89, àpapọ̀ 319 nínú 608. Ọ̀tá ara wọn ni wọ́n, àmọ́ wọ́n jọ lè wó ìjọba yòówù. Ní oṣù Kẹsàn-án wọ́n dìbò lòdì sí Papen, olórí ìjọba, 512 sí 42. Ta ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀? Kò sí. Ààrẹ wá ń fi àṣẹ pàjáwìrì abala 48 ṣèjọba, ilé aṣòfin di òǹwòran.

Nígbà tí wọ́n kọ òfin tuntun ní 1949, abala 67 ní ẹ ò lè yọ olórí ìjọba àfi kí ẹ fi ìbò kan náà yan arọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n nílò, wákàtí 48 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín àbá àti ìbò, kí orí lè tutù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ní 1972 Barzel fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ Brandt, ó nílò 249, ó rí 247, Brandt dúró. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé owó Ìlà-Oòrùn Jámánì wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1982 Kohl rí 256, Schmidt sì lọ. Spéèní gba ìlànà yẹn sínú òfin 1978, òun ni Sánchez fi gba ipò lọ́wọ́ Rajoy ní 2018, 180 sí 169.

Tó bá jẹ́ pé abala 67 la ní ní Ìwọ̀-Oòrùn, lẹ́tà àwọn 66 náà ìbá ní láti jẹ́ ìbò, orúkọ Adégbẹ́nró a sì ti wà lórí rẹ̀.

ỌmọSápọ́n

Háà. Mo ti ń rí i báyìí. Látijọ́ ńkọ́? Wọ́n ní Áténì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Arákùnrin_Ọbántókò

Áténì ò wá ẹ̀sùn, kò wá ìgbẹ́kẹ̀lé. Àpáàdì ni wọ́n ń lò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún wọ́n á bi ìlú bóyá kí wọ́n lé ẹnì kan. Tí ìlú bá gbà, lọ́jọ́ mìíràn kálukú á fi nǹkan mímú ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì. Àpáàdì 6,000 ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù á fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, àmọ́ wọn kì í gba dúkìá rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀daràn. Bó bá padà dé, ipò rẹ̀ nínú ìlú ò yẹ̀.

Àwọn tó ń walẹ̀ rí bí àpáàdì 190 nínú kànga kan lẹ́bàá òkè Akirópólì, Themistocles ni wọ́n kọ sára gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn 14 péré ló kọ wọ́n! Ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti pín in fún àwọn tí kò mọ̀wé kọ tàbí tó ń kánjú. Ẹ ò rí i pé ìwé ìbò tí wọ́n ti tẹ̀ka sí ṣáájú kì í ṣe ti òní. Àwọn obìnrin, ẹrú àti àlejò ò sì sí nínú ẹni tó ń di àpáàdì mú.

Oníṣirò_Adátán

Ẹ má tíì lọ sí Áténì jìnnà. Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀: Baṣọ̀run ń fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí Aláàfin.

Lọ́yà Òkè-Ìléwó

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní tiwantiwa. Ọ̀yọ́ Mèsì méje ni, aráàlú kọ́ ló yàn wọ́n, Aláàfin sì ní láti kú ni, kò kàn kúrò lórí oyè. Ìgbà tí Baṣọ̀run Gáà ti di ọwọ́ mú nínú ọ̀rọ̀ náà, ọba ń kú léraléra títí Abíọ́dún fi borí rẹ̀ ní 1774. Ìṣòro tó wà ní abala 188 ló wà níbẹ̀: ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni náà ló ń dájọ́.

Gúúsù Kòríà ló yanjú èyí jù lójú tèmi. Ilé 300, 200 ló lè fẹ̀sùn kan ààrẹ. Ẹjọ́ á wá kúrò lọ́wọ́ wọn bọ́ sí ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ tó ní adájọ́ 9, 6 gbọ́dọ̀ gbà. Park ní 2017 àti Yoon ní 2025, adájọ́ 8 ló wà níjòókòó lẹ́ẹ̀mejèèjì, gbogbo àwọn 8 sì pa ohùn pọ̀. Amẹ́ríkà fi tirẹ̀ sọ́wọ́ sẹ́nétọ̀, kò sì tíì yọ ààrẹ kan rí. Ìbò kan ló gba Ààrẹ Johnson là ní 1868: 35 ní ó jẹ̀bi, 36 ni wọ́n nílò.

Tiwa tẹ̀ sí ọ̀nà Kòríà díẹ̀. Lábẹ́ òfin 1979 abẹnugan ló ń yan ẹni méje. Èyí ló wà nílẹ̀ ní Kàdúná ní 1981 tí ilé tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ NPN fi yọ Gómìnà Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP. 1999 gbé e fún Adájọ́ Àgbà.

ÌyáÌbejì_Kéńta

Ẹ tún gbàgbé pé níbí gan-an, láìsí ìbò kankan, àwọn obìnrin mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ààfin sílẹ̀ ní 1948, ó sì kọ̀wé pé òun sọ̀ kalẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1949. Owó orí ló bí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó agbára Ògbóni àti ti gbogbo ìgbìmọ̀ fún ọba nìkan, kò wá sí ibi tí èèyàn lè gbà yọ ọ́ lábẹ́ òfin, àfi kí wọ́n pagbo sí ààfin. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn. Nígbà tí Ògbóni pẹ̀lú kẹ̀yìn sí i, ó tán. Ó padà dé ní 1950 ṣá, àmọ́ agbára àdáni yẹn ò bá a padà.

ỌmọSápọ́n

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ má bínú. Àwa mẹ̀kúnnù fúnra wa ńkọ́, láìjẹ́ pé a lọ pagbo sí ààfin? Ṣé a lè pe aṣojú wa padà sílé?

Oníṣirò_Adátán

Aṣòfin ni ẹ lè pè padà, kì í ṣe gómìnà. Abala 69 fún ti Àbújá, 110 fún ti ìpínlẹ̀. Ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní àdúgbò náà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. INEC á yẹ ìwọ̀nyí wò, tó bá pé, wọ́n á ṣe ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín ọjọ́ 90.

Ibẹ̀ ló ti ń kú sí. Ìwọ̀-Oòrùn Kògí, 2017 sí 2018: wọ́n fẹ́ pe sẹ́nétọ̀ wọn padà, wọ́n kó ọwọ́ tó lé ní 188,000 jọ nínú 351,146 tó forúkọ sílẹ̀. Ó ju ìdajì lọ lórí ìwé. Nígbà tí INEC ní kí wọ́n wá fi ara hàn, 18,742 péré ni wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀, 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún. Sẹ́nétọ̀ náà jókòó sí àyè rẹ̀.

Ẹ fi wé Kalifóníà: 12 nínú ọgọ́rùn-ún *àwọn tó dìbò* sípò gómìnà lẹ́yìn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìdajì *àwọn tó forúkọ sílẹ̀*. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbé Gómìnà Davis lọ ní 2003. Ní 2021 wọ́n tún kó ọwọ́ pé, àmọ́ Gómìnà Newsom borí nínú ìbò.

ỌmọSápọ́n

Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mò ń gbé e lọ sí Sápọ́n lọ́la. Lọ́yà, ẹ bá mi ṣe ti ààrẹ náà, kí wọ́n má baà fi ìyẹn lé mi.

Lọ́yà Òkè-Ìléwó

Abala 143. Sẹ́nétọ̀ 109 àti aṣojú 360 jẹ́ 469. Ọwọ́ 157 ló ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀sùn, ọ̀dọ̀ ààrẹ ilé sẹ́nétọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ni á sì yan ẹni méje. Nígbà tí ó bá di ìbò, ilé kọ̀ọ̀kan ní láti dé iye tirẹ̀: sẹ́nétọ̀ 73, aṣojú 240. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ro wọ́n pọ̀ sí 313, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ti ń bá a lọ sí Kánò.